Ọkọ̀ Abẹ́ Omi U-505: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ogun Rẹ̀ láti Hamburg títí dé Chicago

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1944, ní nǹkan bí 240 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn Cape Blanco ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà wọ inú ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan tí àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti fò kúrò nínú rẹ̀, wọ́n dí ibi tí omi ń gbà wọlé, wọ́n sì so okùn mọ́ ọn. U-505 ni orúkọ ọkọ̀ náà. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tó ṣègbé lé ní 700, ọ̀pọ̀ wọn ló sì wà nísàlẹ̀ òkun títí di òní pẹ̀lú àwọn tó wà nínú wọn. Èyí tí à ń sọ yìí kì í ṣe akọni láàárín wọn. Ọkọ̀ 8 péré ló tẹ̀ rì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nígbà tí àwọn mìíràn wà tó tẹ ohun tó ju 40 lọ rì. Síbẹ̀, òun ni a lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti kàn án títí dé ibi tó dúró sí lónìí, bí a bá sì tọ̀ ọ́, a ó rí i pé tọ́pídò rẹ̀, ìyẹn àdó olóró tó ń sáré lábẹ́ omi lọ bá ọkọ̀ ọ̀tá, kọ́ ló pinnu bí ayé rẹ̀ ṣe rí, bí kò ṣe bátìrì tó wà lábẹ́ pákó rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí àwọn inú rẹ̀ ń mí, àti irú ẹni tó ń pàṣẹ níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Deutsche Werft ní Hamburg ló kàn án. Wọ́n fi irin ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1940, wọ́n tì í sómi ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1941, wọ́n sì fà á lé ọwọ́ ológun ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Irú èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní IXC ni, èyí tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 77 mítà, ìbú rẹ̀ kò pé mítà 7, ó sì wúwo tó 1,120 tọ́ọ̀nù nígbà tó bá léfòó. Ihò tí wọ́n ti ń yìn tọ́pídò nínú rẹ̀ jẹ́ 6, mẹ́rin níwájú, méjì lẹ́yìn, ó sì lè ru tọ́pídò 22. Nínú ihò irin tóóró yìí ni ènìyàn bí 50 sí 60 ń gbé fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá ti gbé nínú ilé tí wọ́n ti ń lo jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú ìnfátà kò ní ṣòro fún láti lóye bí irú ọkọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì ńlá méjì ló ní, èyí tó ń wa ọkọ̀ nígbà tó bá wà lójú omi, tó sì tún ń rọ iná sínú bátìrì. Ṣùgbọ́n dísẹ́lì kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí èéfín rẹ̀ lè gbà jáde lábẹ́ omi. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ rì wọlẹ̀, wọ́n á pa dísẹ́lì, ẹ̀rọ oníná méjì tó ń jẹ nínú bátìrì á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú omi, ọkọ̀ yìí lè sáré tó máìlì òkun 18 láàárín wákàtí kan, bó bá sì rọra ń rìn, ó lè rin ohun tó lé ní máìlì òkun 13,000 kí epo rẹ̀ tó tán. Lábẹ́ omi, bí ó bá ń yọ́ lọ ní máìlì mẹ́rin láàárín wákàtí, nǹkan bíi máìlì 63 ni gbogbo agbára rẹ̀, lẹ́yìn náà bátìrì á kú. Ọkọ̀ ojú omi tó lè sá pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, kì í ṣe ẹja. Ó gbọ́dọ̀ gòkè wá mí, ibi tó bá sì ti gòkè ni ọ̀tá ti lè rí i.

Ọ̀gá ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni Axel-Olaf Loewe. Òun ló mú un kúrò ní Kiel ní oṣù Kìíní ọdún 1942, tó sì gbé e yí erékùṣù Bìrìtìkó po lọ sí Lorient ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn ará Jámánì tó ń ṣàkóso Faransé nígbà náà ti kọ́ àgọ́ oníkọnkéré tó nípọn fún àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ni U-505 jáde láti ibẹ̀ lọ ṣọdẹ gidi fún ìgbà àkọ́kọ́, apá ọ̀dọ̀ tiwa ló sì kọjú sí: omi Fìrítáùn, ìlú tí àwọn baba wa mọ̀ sí Sàró.

Ẹni tó bá ń béèrè ohun tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń wá ní Sàró, kó rántí ohun tí ilẹ̀ wa ń kó ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba nígbà ogun. Ekuro, kòkó, ẹ̀pà àti àwọn ẹrù mìíràn láti Èkó àti àwọn èbúté etíkun tó kù máa ń gba Fìrítáùn kọjá, ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù ti máa ń kóra jọ kí àwọn ọkọ̀ ogun tó sìn wọ́n lọ sí àríwá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Kí wọ́n tó dé ibi ìkórajọ yìí, ọ̀pọ̀ wọn máa ń dá rìn, èyí tó ń dá rìn náà sì ni ọdẹ ń fẹ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1942, Loewe tẹ ọkọ̀ Bìrìtìkó kan tí ń jẹ́ Benmohr rì. Bàálù ojú omi ló wá gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Fìrítáùn láìku ẹnì kan. Ní ọjọ́ kejì ó tẹ Sydhav rì, ọkọ̀ agbépo ti ilẹ̀ Nọ́wè. Lẹ́yìn náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan tí kò rí nǹkan kan pa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ló bá ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan pàdé, West Irmo, tó ń ná àwọn èbúté etíkun wa. Yàtọ̀ sí àwọn atukọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ tí ń kó ẹrù sókè-sílẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ àṣà àwọn ọkọ̀ tó ń ná etíkun yìí láti máa gba òṣìṣẹ́ sínú ọkọ̀ ní èbúté kan kí wọ́n lè bá wọn ṣiṣẹ́ ní àwọn èbúté yòókù. Nígbà tí tọ́pídò bà á, ènìyàn 10 kú, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí sì ni wọ́n. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ nípa U-505 kún fún orúkọ àwọn ará Jámánì àti ará Amẹ́ríkà, dé orí ẹni tó ń se oúnjẹ. Àwọn mẹ́wàá yìí, iye wọn ni wọ́n máa ń kọ, wọn kì í sábà dárúkọ wọn. Ní ọjọ́ kejì, Alphacca ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì náà rì.

Ọkọ̀ mẹ́rin, tí àpapọ̀ ìwọ̀n wọn jẹ́ 25,041 tọ́ọ̀nù, láàárín ọjọ́ 86. Nígbà tí U-505 padà dé Lorient ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ti ṣe èyí tó ju ìdajì gbogbo iṣẹ́ ibi tí yóò ṣe láyé lọ. Ìrìn àjò tó tẹ̀ lé e, sí omi Karíbíánì, kò fi bẹ́ẹ̀ mú èrè wá. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Sea Thrush àti Thomas McKean, ló rì ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 1942, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan ti ilẹ̀ Kòlóńbíà, tí kò ju 110 tọ́ọ̀nù lọ. Àìsàn ìfun kọlu Loewe lójú òkun, ó gbé ọkọ̀ padà wálé, kò sì tún darí rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1942 ni Peter Zschech, ọ̀dọ́mọkùnrin tó le mọ́ àwọn ọmọ ọkọ̀, tí wọn kò sì fẹ́ràn bí wọ́n ti fẹ́ràn Loewe. Ó tẹ ọkọ̀ Bìrìtìkó kan tí ń jẹ́ Ocean Justice rì ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, nítòsí Fẹnẹsúẹ́là. Ìyẹn ni ọkọ̀ kẹjọ, òun náà sì ni ìkẹyìn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nítòsí Trinidad, bàálù Hudson ti Bìrìtìkó kan yọ sí wọn láti inú ìkùukùu nígbà tí ọkọ̀ léfòó. Ẹni tó ń wa bàálù náà fò nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú bọ́ǹbù rẹ̀ fi bọ́ sórí ọkọ̀ gan-an, lẹ́yìn ilé ìṣọ́ rẹ̀, ìbúgbàù náà sì ju bàálù fúnra rẹ̀ sínú òkun. Kò sí ẹnì kan nínú bàálù tó yè é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà ṣòro láti gbàgbọ́ fún ẹni tó bá rí àwòrán rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n fi ń yìnbọn sí bàálù fò lọ sínú òkun, pákó orí rẹ̀ ya yánnayànna, irin tó ń dá omi dúró kúrò nínú ikùn rẹ̀ sì bàjẹ́. Zschech pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn bọ́ sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, tí Otto Fricke jẹ́ aṣáájú wọn, ló dúró lórí i pé àwọn lè tún un ṣe. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń jó irin pọ̀, tí wọ́n ń dí ihò, kó tó di ohun tó lè tún wọ abẹ́ omi láìjò. Wọ́n gbé ẹni tó gbọgbẹ́ sínú ọkọ̀ abẹ́ omi mìíràn tó ń pín epo àti oúnjẹ lójú òkun, wọ́n sì wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ padà sí Lorient ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. A gbọ́ pé kò sí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí tó sì tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ báyìí tí kò ṣeé kó kúrò: ọ̀gá ní kí a sá, àwọn ọmọ iṣẹ́ ní kí a dúró, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló sì jàre.

Oṣù mẹ́fà ni àtúnṣe gbà. Nígbà tí wọ́n jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1943, ayé ti yí padà. Bàálù tó ní rédà, ẹ̀rọ tó ń rí ohun tó wà lókèèrè àní nínú òkùnkùn, ti ń gba gbogbo ojú òkun Biscay tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Faransé kọjá tọ̀sántòru, tó fi jẹ́ pé òkùnkùn òru, tó jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi ti máa ń gòkè wá rọ iná sí bátìrì rẹ̀ láìfòyà, kò dáàbò bò ó mọ́. Ọkọ̀ ogun Bìrìtìkó mẹ́ta lé U-505 fún ohun tó lé ní wákàtí 30. Ọjọ́ 13 lẹ́yìn tó jáde, ó ti padà sílé.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí mo kà sí apá tó ṣàjèjì jù nínú ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra ni ọkọ̀ náà jáde, tí ọjọ́ díẹ̀ kò sì pé tó fi padà, nítorí pé nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ará Faransé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìbọn àwọn tó gba ilẹ̀ wọn, ló ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ba àwọn ohun èlò iná àti rédà jẹ́, wọ́n jó irin pọ̀ lọ́nà tí kò fi lè mú, wọ́n sì lu ihò sí ara táǹkì epo dísẹ́lì, kí epo lè máa jò sójú omi bí ìlà tí bàálù yóò tẹ̀ lé. Ẹni tó bá mọ bí mẹkáníìkì tí kò fẹ́ràn oníbàárà rẹ̀ ṣe lè ṣe mọ́tò yóò lóye rẹ̀. A kò rí ẹni tó yin ìbọn kan, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yìí dá ọkọ̀ ogun kan dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lorient bẹ̀rẹ̀ sí í fi U-505 ṣe yẹ̀yẹ́; nígbà kan tí wọ́n padà dé, wọ́n bá a pé ẹnì kan ti kọ ọ́ sí ibi ìgúnlẹ̀ wọn pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ọdẹ U-505. Nígbà náà gan-an, àwọn ọkọ̀ tó jáde láìní ìdíwọ́ ń lọ, wọn kò sì padà. Bóyá àwọn abaṣẹ́jẹ́ wọ̀nyí ló gba ẹ̀mí àwọn ọ̀tá wọn là láìmọ̀. Èrò tèmi nìyẹn, n kò lè fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà.

Zschech ru yẹ̀yẹ́ náà lọ sínú ìrìn àjò rẹ̀ ìkẹyìn, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1943. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, ní ìlà oòrùn àwọn erékùṣù Azores, àwọn ọkọ̀ ogun Bìrìtìkó rí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù abẹ́ omi lù wọ́n. Láàárín ìbúgbàù náà, ọ̀gá ọkọ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ọkọ̀ wà. Kò sí ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi mìíràn tí a mọ̀ pé irú èyí ṣẹlẹ̀ sí lójú ìjà. Igbákejì rẹ̀, Paul Meyer, gba àṣẹ lójú ẹsẹ̀, ó mú ọkọ̀ kúrò lábẹ́ bọ́ǹbù, ó sì gbé e dé Lorient ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá. Àwọn aláṣẹ kò bá a wí, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yìn ín.

Ọ̀gá kẹta, Harald Lange, ti tó bí ẹni 40 ọdún. Ọ̀gá ọkọ̀ ìṣòwò ni kó tó di ológun, ara àwọn ọmọ ọkọ̀ sì balẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1943. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ọkọ̀ Bìrìtìkó tẹ àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì mẹ́ta rì nínú ìjà ńlá kan lójú òkun Biscay, U-505 sì kó ohun tó lé ní 30 nínú àwọn atukọ̀ T25, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, kúrò lójú omi, ó kó wọn lọ sí Brest. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1944 ló kúrò ní Brest, ó sì tún kọjú sí etíkun Áfíríkà, ibi tí Loewe ti ṣe orí ire ní ọdún méjì ṣáájú. Lange kò rí ọkọ̀ kan pa níbẹ̀. Ó yí padà, ó ń lọ sílé.

Ní ìhà kejì òkun, Daniel Gallery, ọ̀gá ọkọ̀ agbébàálù Guadalcanal ti Amẹ́ríkà, ti ń pète ohun kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1944, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti lu U-515 títí ó fi léfòó, ó sì ṣàkíyèsí pé ó dúró lójú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó rì. Bí ẹnì kan bá ti wà nítòsí, tó ti múra tán, ó lè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀wọ́ rẹ̀, ìyẹn Guadalcanal àti ọkọ̀ asìn márùn-ún, kúrò ní Norfolk ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, ó ti pàṣẹ pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yan àwọn tí yóò fò wọ ọkọ̀ ọ̀tá.

Ní ago 11 kọjá ìṣẹ́jú 9 òwúrọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, ẹ̀rọ agbóhùn abẹ́ omi ti ọkọ̀ asìn Chatelain gbọ́ nǹkan kan ní nǹkan bí 700 mítà. Bàálù méjì láti orí Guadalcanal rí òjìji ọkọ̀ náà nínú omi tó mọ́ gaara, wọ́n sì ń yìnbọn sínú omi láti fi ibi tó wà han Chatelain. Bọ́ǹbù abẹ́ omi já. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ààbọ̀ lẹ́yìn tí Chatelain kọ́kọ́ kọlu U-505, ó yọ sókè. Ìtọ́kọ̀ rẹ̀ ti há sí apá ọ̀tún, ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì ń yí po bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Lange, tí ìbọn ti bà lẹ́sẹ̀, pàṣẹ pé kí wọ́n kúrò nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú nínú àwọn ará Jámánì, wọ́n sì gbé àwọn 58 yòókù kúrò nínú omi.

Ẹni tó ṣáájú àwọn tó wọ inú rẹ̀ ni Albert David, láti ọkọ̀ Pillsbury. Ọkọ̀ ń yí po, omi ń wọlé, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ará Jámánì máa ń fi àdó olóró sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá pa tì. David, Arthur Knispel àti Stanley Wdowiak ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ gba ojú ihò orí rẹ̀, láìmọ̀ bóyá ẹnì kan ṣì wà nísàlẹ̀. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni. Wọ́n bá omi tó ń ya wọlé láti ẹnu ihò kan tí wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀. Zenon Lukosius rí ìdérí náà nítòsí, ó sì fi dé e padà. Bí àwọn tó sá bá ti jù ú sínú òkun ni, ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀. Àwọn mìíràn ń tú wáyà kúrò lára àdó olóró, àwọn mìíràn ń kó ìwé sókè. Gallery fúnra rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ náà nígbà tó yá, láti yẹ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn wò, nítorí wọ́n fura pé wọ́n dẹ pàkúté sí i. Kò sí pàkúté níbẹ̀.

Fífa ọkọ̀ náà lọ sílé ló tún mú ọ̀rọ̀ bátìrì padà wá. Ìdí rẹ̀ ti wọ omi, bátìrì rẹ̀ kò lágbára, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan dísẹ́lì rẹ̀. Earl Trosino, ọ̀gá oníṣẹ́ ẹ̀rọ lórí Guadalcanal, tí kò wọ ọkọ̀ abẹ́ omi rí láyé rẹ̀, rákò lábẹ́ àwọn ẹ̀rọ náà, ó ń fi ọwọ́ tọ páìpù kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tó lọ. Ó tú ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì kúrò lára ọ̀pá tó ń yí àwọn abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi, ó sì fi ẹ̀rọ oníná sílẹ̀ ní sísopọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fa ọkọ̀ náà sáré. Bí wọ́n ti ń fà á, omi ń yí abẹ̀bẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ń yí ẹ̀rọ oníná, ẹ̀rọ oníná tó ti ń jẹ iná tẹ́lẹ̀ wá di jẹnẹrétọ̀, ó sì ń rọ iná padà sínú bátìrì. Nígbà tí bátìrì jí, wọ́n tan pọ́ǹpù U-505 fúnra rẹ̀, wọ́n fi gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, ọkọ̀ náà sì gbéra sókè dáadáa. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí.

Ọkọ̀ afàkọ̀ Abnaki wá gba okùn lọ́wọ́ Guadalcanal, wọ́n sì wọ Bermuda ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà. Láti ọdún 1815 ni ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kò ti mú ọkọ̀ ogun ọ̀tá kan lójú òkun mọ́. Ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 400 kìlógíráàmù ìwé àti ohun èlò: ẹ̀rọ Enigma méjì tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, ìwé àrokò, àti ìwé tí wọ́n fi ń túmọ̀ orúkọ tí wọ́n fún apá kọ̀ọ̀kan òkun. Wọ́n tún rí tọ́pídò tó ń fi etí gbọ́ ìró abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ tí yóò sì tọ̀ ọ́ lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yọ̀. Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ti ń ka àrokò Jámánì ní kọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méjì péré ló sì kù kí àwọn ọmọ ogun wọn gúnlẹ̀ sí Normandy, etíkun Faransé tó wà lọ́wọ́ Jámánì. Bí Jámánì bá gbọ́ pé wọ́n ti mú U-505, ó lè yí gbogbo àrokò rẹ̀ padà ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, Ernest King, bínú débi pé ó ronú láti gbé Gallery lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun. Àṣírí náà kò tú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí 3,000 ènìyàn ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n sọ ọkọ̀ náà ní Nemo. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun 58 náà ni wọ́n kó lọ sí àgọ́ Ruston ní Louisiana, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn kò jẹ́ kí Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa (Red Cross) rí wọn, Jámánì sì sọ fún àwọn ẹbí wọn pé wọ́n ti kú. Àwọn ìyá ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè.

David gba àmì ẹ̀yẹ ológun tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945 kí wọ́n tó fún un. Ìyàwó rẹ̀ ni Ààrẹ Truman fi lé lọ́wọ́. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ káàkiri àwọn èbúté ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ní 1945, kí àwọn tó bá ra ìwé ẹ̀yáwó ogun lè wọlé wò ó, lẹ́yìn náà wọ́n pa á tì sí Portsmouth ní New Hampshire, àwọn èèyàn sì ń yọ nǹkan lára rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ṣe ohun ìdánrawò ìbọn kó rì. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Gallery tó jẹ́ àlùfáà ìjọ Àgùdà ní Chicago ló bá ilé àkójọ ohun sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlú náà sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìlú dá nǹkan bí 250,000 dọ́là, wọ́n fà á gba odò St. Lawrence àti àwọn adágún ńlá dé Chicago ní 1954, wọ́n gbé e kọjá títì ńlá etí adágún lóru. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn tó kú lójú òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì tó ṣe àwọn ẹ̀yà rẹ̀ nígbà ogun fi àwọn ẹ̀yà tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí Gallery bẹ̀ wọ́n, nítorí pé, bó bá jẹ́ pé yóò dúró níbẹ̀, wọ́n fẹ́ kó gbé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn yọ.

Òjò àti yìnyín Chicago jẹ ẹ́ fún ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó gbé e wọ gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀ ní 2004, wọ́n sì ṣí i fún aráyé ní 2005. Ṣáájú ìgbà náà ni ojú rẹ̀ kan tó sọnù ti padà wá: ẹ̀rọ awòye tí àwọn ọmọ ọkọ̀ fi ń wo ojú omi láti ìsàlẹ̀, èyí tí ọmọ ogun ojú omi ti yọ láti fi ṣe ìwádìí ní California. Inú ilé ìwádìí kan tí wọ́n fẹ́ wó ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì dá a padà fún Chicago, níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà.